Bí “Ẹ” Ṣe Di “Ìwọ” Nídìí Àwòrán Máńgòrò

“Ta ló jẹ máńgòrò mi?”

Igbe tí obìnrin aránṣọ kan ta nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ náà lọ́hùn-ún, nínú yàrá tí ọ̀gá ayàwòrán ti ń kọ́ àwọn àgbà bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀dà elépo ya èso. Ìdajì àwòrán rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wà lójú kánfáàsì: ọsàn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò lórí aṣọ funfun. Lórí tábìlì, kóró lásán ló kù.

Káfíńtà tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nu ẹnu. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ má bínú. Ibi iṣẹ́ ni mo ti ń bọ̀, ebi ti fẹ́ẹ̀ pa mí. Mo rò pé ẹ ti yà á tán ni.”

“Iṣẹ́ mi lo wá fi ṣe oúnjẹ ọ̀sán?”

Ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín. Inú bí aránṣọ, àbí ta ni inú ò ní bí?

Nígbà tí wọ́n tún pàdé, káfíńtà gbé máńgòrò mìíràn wá, àmọ́ èyí tóbi, ó sì pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ọ̀gá ní kí aránṣọ tún un yà. “Má kánjú. Ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ. Fi èyí tó ṣàn kun ibi tó ṣókùnkùn ná, kó o tó wá fi èyí tó ki síbi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bà lé.”

Káfíńtà ló bá a po ọ̀dà pupa mọ́ aláwọ̀ ìyeyè. Kí wọ́n tó mọ̀, ọ̀rọ̀ máńgòrò ti di ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Wọ́n jọ ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, wọ́n jọ ń rìn lọ sílé. Ayé ìgbà náà dùn jọjọ! Aránṣọ a máa dá nìkan rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ, òórùn ọ̀dà yẹn ò sì kúrò nímú rẹ̀ títí dòní.

Wàhálà kan ló wà: aránṣọ ló dàgbà jù. Wọ́n dira wọn lọ́wọ́ mú lójú ọ̀nà, síbẹ̀ “ẹ̀gbọ́n” ni káfíńtà ń pè é, “ẹ” ni.

“Ta ni ẹ̀gbọ́n rẹ? Ṣé báyìí lo ṣe ń di àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́ mú?”

“Ẹ ò mọ màmá mi ni. Bí wọ́n bá gbọ́ tí mo pe ẹni tó jù mí lọ ní ‘ìwọ’, wọ́n á ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́.”

Nílé aránṣọ náà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ò gbà. “Ọmọdé nìyẹn. Á kàn fi ọ́ ṣeré ni.”

Lọ́jọ́ kan ní kíláàsì, ọ̀gá dúró sẹ́yìn aránṣọ. “Etí ọsàn yìí kàn rọra fara kan etí máńgòrò. Kò dáa. Ojú èèyàn á máa há síbẹ̀. Yálà kí ọ̀kan bọ́ sẹ́yìn èkejì, tàbí kí wọ́n jìnnà síra.”

Aránṣọ kọjú sí káfíńtà. “Ṣé o gbọ́? Bí o ò bá lè pè mí bí olólùfẹ́ lójú ìyá rẹ, jẹ́ kí n máa lọ.” Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà dójú ikú, ẹ̀rù sì ń bà á pé á gbà kí òun lọ.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pàtẹ àwọn àwòrán, káfíńtà mú ìyá rẹ̀ wá. Ìyá wo máńgòrò, wọ́n wo aránṣọ láti òkè délẹ̀.

Káfíńtà dìde. Ó fa àga kan. “Màmá, ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ nìyí.” Ó yíjú sí aránṣọ. “Jókòó, ìfẹ́ mi. Ìwọ ni mo fẹ́ kí wọ́n rí.”

“Ṣé kò jù ọ́ lọ?” ìyá bi í.

“Wọ́n jù mí… ó jù mí lọ, mà.”

Ìyá fa ọmọ wọn mọ́ra, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. “O tiẹ̀ gbìyànjú. Èmi náà ju bàbá rẹ lọ; a ti bí ẹ̀gbọ́n rẹ kí ‘ẹ’ tó kúrò lẹ́nu rẹ̀.”