Vasemaca Wọ Ọkọ̀ Òwúrọ̀

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó tán sínú ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n Vasemaca ṣì dúró sí etíkun pẹ̀lú báàgì ìwé rẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé.

"Ìyá Ilé, bá wa tọ́jú adìẹ o," ni Isikeli, ọmọ kíláàsì rẹ̀, wí. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, ọkọ̀ sì gbéra lọ sí erékùṣù kejì níbi tí ilé ẹ̀kọ́ wà.

Láti ìgbà tí ìjì ti dojú ọkọ̀ bàbá rẹ̀ dé, tí omi sì gbé bàbá náà lọ, ni ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún yìí kò ti lè wọ ọkọ̀ mọ́. Àwọn ará abúlé ní kí ó sinmi. Ó sinmi títí ìdánwò fi kọjá. Oorun ọ̀sán di iṣẹ́ rẹ̀, oúnjẹ kò sì wù ú mọ́.

Laisani, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ń tọ́jú rẹ̀. Obìnrin yìí máa ń wa ọkọ̀ lọ pẹja, yóò sì kọrin bọ̀. Orin náà ń bí Vasemaca nínú. Lọ́jọ́ kan, bí Laisani ti ń ha ìpẹ́ ẹja, ọmọ náà bi í bóyá ó ti gbàgbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Laisani gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Mi ò gbàgbé ẹ̀. Mo ń sunkún nílé, mo ń sunkún lórí omi. Ṣùgbọ́n béèyàn bá ń sunkún, ó yẹ kó máa ríran. Ta ni ì bá pa ẹja tí ò ń jẹ?"

"Ẹ̀rù ò wá bà yín, Àǹtí?"

"Ó ń bà mí. Ojoojúmọ́ ni. Mo kàn máa ń gbé e wọkọ̀ ni, a ó jọ máa lọ. Mo ń kọrin kí n má baà gbọ́ ohun tó ń sọ."

Nígbà tí omi parọ́rọ́, Vasemaca bá àǹtí rẹ̀ wọkọ̀ lọ pẹja. Ó di etí ọkọ̀ mú títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí wọ́n dé ibi àpáta, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú omi tó mù ún dé orúnkún, ó já nama, ewéko òkun tí wọ́n ń jẹ, ó sì fi sẹ́nu. Iyọ̀ rẹ̀ ta á létè. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wọlé padà, ó wọ ọkọ̀ òwúrọ̀. Kíláàsì àtijọ́ ni wọ́n dá a padà sí, láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Ó dùn ún, ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ṣí ìwé. Lọ́jọ́ tí omi bá ru, ó ṣì máa ń gbọ̀n, síbẹ̀ yóò wọkọ̀.

Ẹni tó bá ń dúró kí ẹ̀rù lọ tán kó tó gbéra, ilé ni yóò gbó sí. Ẹni tó gbéra tòun tẹ̀rù ni ayọ̀ ń pàdé lọ́nà.