Àwọn Fọ́tò Bọ̀dá Ọláfimíhàn Nínú Kọ̀ǹpútà Tó Ń Kú

Bí ẹ bá wọ ilé àgbà obìnrin kan ní Ìlódè, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti lọ tán, ẹ ó rí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n wọ aṣọ fún. Ẹ ó rí fíríìjì tó dé fìlà. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo bá ilé ẹ̀gbọ́n mi, Àyọ̀kẹ́, nígbà tí mo dé ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ti tó ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fi Ilé-Ifẹ̀ sílẹ̀. Yàrá mẹ́fà ló wà nínú ilé náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò.

Ọkọ wọn, Bọ̀dá Ọláfimíhàn, ti di olóògbé. Lẹ́yìn tí Bọ̀dá fẹ̀yìntì, iṣẹ́ tí wọ́n gbájú mọ́ ni kíkó àwọn fọ́tò ìdílé sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wọ́n sì fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Nígbà tó yá, ikán jẹ àwọn ti bébà tán nínú àpótí. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà nìkan ló kù láyé.

Lọ́sàn-án, bí ẹ̀gbọ́n mi bá jẹun tán, wọ́n á ṣí kọ̀ǹpútà yìí, wọ́n á máa bá àwọn fọ́tò sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé àlejò ló wá.

“Adésọjí,” wọ́n pè mí lọ́jọ́ kejì, “mo fẹ́ da àwọn fọ́tò yìí kọ sórí díìsìkì, kí o mú un lọ. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yìí ń kú mọ́ mi lọ́wọ́.”

“Ó ń kú báwo, Àǹtí mi?”

“Á bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Bó bá ṣe díẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ajá tó sáré. Ojú rẹ̀ á ṣú, ó parí. Màá tún un tàn, màá tún bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti ṣe é.”

“Ṣé ẹ ti pe ẹni tó ń tún un ṣe?”

“Ọkùnrin kan ti wá wò ó. Ó ní òun máa fọ́máàtì ẹ̀, pé á máa sáré bí tuntun. Ọ̀la ló ń bọ̀.”

Kí n má purọ́, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn dùn mọ́ èmi náà. Mo gba Sábó lọ láti ra díìsìkì sílẹ̀. Abdulrazaq ni orúkọ ẹni tí mo bá ní ṣọ́ọ̀bù, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Mo ro ẹjọ́ fún un. Ó fa díìsìkì tó fẹ́ gbé lé mi lọ́wọ́ padà.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ọkùnrin yẹn dúró ná. Fọ́máàtì ni kéèyàn nu gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà nù. Á sáré lóòótọ́. Ilé tó ṣófo náà kì í ní wàhálà.”

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi pe ọkùnrin yẹn pé kó má wá mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni Abdulrazaq tẹ̀ lé mi wá sí Ìlódè. Ó bá kọ̀ǹpútà lórí ibùsùn, lórí ìrọ̀rí, nínú ẹ̀wù àrán pupa tí wọ́n gé ojú àti ibi títẹ̀ nìkan sí.

“Màmá, ta ló rán ẹ̀wù yìí fún un?”

“Èmi ni. Eruku àdúgbò yìí ò mọ àgbà.”

“Ẹ rán abẹ́ rẹ̀ náà pa?”

“Ṣé kí n wá fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ níhòòhò ni?”

Abdulrazaq rọra rẹ́rìn-ín. “Màmá, ìdí yẹn ló fi ń mí.”

Ó ní kí wọ́n fọwọ́ kan abẹ́ kọ̀ǹpútà. Wọ́n yára fa ọwọ́ padà.

“Bó bá ń da fọ́tò púpọ̀ kọ,” ó ní, “iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, ara rẹ̀ á gbóná. Àwọn ihò yìí ni ooru ń gbà jáde. Àrán dí i, ìrọ̀rí tún dí i. Kó má bàa jóná, òun fúnra rẹ̀ á kú.”

Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ pa ẹ̀wù àrán náà. “Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni.”

“Ẹ tọ́jú ẹ̀ o, mà. Bí ọmọ ọwọ́ ni ẹ ṣe tọ́jú ẹ̀.”

Ó bọ́ ẹ̀wù náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku inú ihò. Ó gbé kọ̀ǹpútà sórí tábìlì, ó fi igi pẹlẹbẹ méjì gbé e sókè kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀. Ó so ó mọ́ ínfátà, nítorí bí iná bá lọ láàárín, iṣẹ́ lè bàjẹ́. Kò sì kó gbogbo fọ́tò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọdún kan, ọdún kan ló ń dà wọ́n kọ.

Fọ́tò ọdún mẹ́fà kọjá wẹ́rẹ́. Nígbà tó kan ìkeje, ojú kọ̀ǹpútà ṣú.

Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ tábìlì. “Ó ti lọ?”

“Rárá, mà. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò gbóná. Kì í ṣe ooru lọ́tẹ̀ yìí. Ọkàn rẹ̀ tó ń tọ́jú nǹkan ti gbó, àwọn kan nínú fọ́tò ọdún keje yìí ti bàjẹ́. Bó bá dé orí wọn, á há.”

Ó tún un tàn, ó ń mú fọ́tò mẹ́wàá mẹ́wàá. Mẹ́wàá tó bá há, a ya á sọ́tọ̀, a kọjá lọ; lẹ́yìn náà ló padà mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ó tó dìde lọ kírun àsárì, ó ti kó ìyókù bọ́ sórí díìsìkì méjì: ọ̀kan fún Ìlódè, ọ̀kan fún mi. Ó ṣí wọn wò lórí díìsìkì kọ̀ọ̀kan.

“Èyí tí ẹ kò bá tíì ṣí wò,” ó ní, “ẹ má tíì sọ pé ẹ ní in.”

Mẹ́rìnlá ni kò ṣí. Orúkọ wọn hàn, ojú wọn kò hàn. Mo kọ àwọn orúkọ náà sórí bébà.

“Ṣé wọn ò lè padà?”

“Àwọn kan wà tí wọ́n ń wá irú ẹ̀ jáde, mà, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ má lo kọ̀ǹpútà yìí mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nù ún.”

Nígbà tó lọ tán, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú bébà náà wá. Wọ́n ka orúkọ àkọ́kọ́: *Àyọ̀kẹ́ ní Ẹdúnàbọ̀n*.

“Mọ́tò wa bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Inú ń bí mi. Bọ̀dá rẹ ní kí n rẹ́rìn-ín, mo kọ̀. Bó ṣe yà á nìyẹn. Kọ ọ́ sílẹ̀.”

Mo kọ ọ́. Wọ́n sọ ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé, a kò jókòó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lájò bíi tèmi, bí kọ̀ǹpútà bá ń kú nígbà tí ẹ ń da fọ́tò kọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n fọ́máàtì rẹ̀ kí fọ́tò tó jáde. Ẹ bọ́ aṣọ ara rẹ̀, ẹ gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ máa dà á kọ díẹ̀díẹ̀. Bó bá ń há síbì kan náà, ẹ fo ibẹ̀, ẹ kó ìyókù là. Ẹ ṣe é sí ibi méjì, kí ẹ sì ṣí i wò. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ àìsàn ni kí ẹ ti ṣe é.

Bí ẹni tó mọ ìtàn àwọn fọ́tò náà bá ṣì wà, ẹ bi í léèrè lónìí. Àwọn fọ́tò ti ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀gbọ́n mi kò ní ẹ̀dà. Ojoojúmọ́ ni mo ń pè wọ́n báyìí.