Ṣọ́bìrì Bàbá Urho

Ọjọ́ tí Hilja Rantala kọ́kọ́ rí Dale Kangas, ẹ̀wù òtútù méjì ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà, fìlà onírun bò ó dé ìpéǹpéjú, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ife kọfí mú bí ẹni tó fẹ́ kó sínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú ilé ara rẹ̀ ló wà.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bá wa tún ẹ̀rọ amúlégbóná ṣe?” Dale bi í. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára obìnrin náà.

“Èmi ni. Àbí ká dúró sẹ́nu ọ̀nà títí òtútù ìta á fi wá kí ti inú ilé?”

Urho, bàbá Dale, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, dá sí i láti ilé ìdáná. “Jẹ́ kó wọlé, Dale. Nígbà tá à ń dáná igi, a kì í pe ẹnikẹ́ni.”

Hilja sọ̀ kalẹ̀ sí yàrá abẹ́ ilé, Dale ń tan iná tọ́ọ̀ṣì fún un. Ó wo ẹ̀rọ kékeré ara ògiri tí wọ́n fi ń pàṣẹ ooru, nǹkan kan ò ṣe é. Iná mànàmáná wà, gáàsì wà. Ó fa asẹ́ tó ń gba eruku yọ, asẹ́ mọ́. Ó wá tan ẹ̀rọ náà. Fáànù kékeré inú rẹ̀ kùn díẹ̀, ṣùgbọ́n iná ò ràn, àmì pupa kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta.

“Kí ló ń sọ?” Dale béèrè.

“Ó ní òun ò rí èémí mí.”

“Ṣé gbogbo ìgbà ló máa ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ó sàn ju ọkùnrin míì lọ. Ó máa ń sọ ibi tó ń dùn ún.”

Wọ́n bọ́ síta lọ sẹ́yìn ilé láti wá ibi tí páìpù rẹ̀ gbà jáde. Yìnyín ni wọ́n bá níbẹ̀, ó ga dé àyà, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì tẹ̀ ẹ́ dán bí ògiri tí wọ́n rẹ́. Àwọn àgbà ìlú Calumet yìí ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí atẹ́gùn má bàa ráyè wọ abẹ́ ilé. Láti ọdún tí Urho ti gbéyàwó ló ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n orí òrùlé ni ààrò àtijọ́ ti ń mí. Ẹ̀rọ tuntun yìí, páìpù funfun méjì tó wà nísàlẹ̀ ògiri ni imú rẹ̀, bàbá sì ti sin méjèèjì.

Hilja hú wọn jáde, ẹ̀rọ sì ràn. “Ọgbọ́n ló fi kọ̀ tí kò jó,” ó sọ fún Dale. “Ká ní ó jó ni, èéfín tó ń pani lè padà sínú ilé. Ẹ má jẹ́ kí yìnyín bo ibí yìí mọ́.”

Láti ọjọ́ náà, ilé ò gba Dale, ọ̀nà ò gbà á. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tó fi pè é pé asẹ́ ń kọ òun lóminú.

“Asẹ́ kì í ṣe ọbẹ̀ tí wàá máa tọ́ wò lójoojúmọ́,” Hilja sọ, ṣùgbọ́n ó wá. Ó tún wá lọ́sẹ̀ kejì, kò sì gbé àpótí iṣẹ́ dání. Wọ́n jọ rìn lórí adágún tó ti dì, wọ́n pín páì ẹlẹ́ran kan jẹ, Hilja sì rí i pé òun ti ń fẹ́ràn ọkùnrin yìí gan-an. Kí òṣù tó parí, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Hilja wọlé, ó bá Urho lójú fèrèsé. Bàbá gbé ọwọ́ lé orúnkún, oúnjẹ rẹ̀ wà níwájú rẹ̀ láìjẹ.

“Bàbá, kí ló dé?”

“Dale ti gba ṣọ́bìrì mi. Ó tì í mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.”

Hilja kọjú sí Dale tó dúró nítòsí. “Mo ní kẹ́ ẹ gbé yìnyín kúrò lẹ́nu páìpù. Ta ló ní kó o gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá?”

“Mo fẹ́ kó pẹ́ láyé ni.”

“Kó máa fi pípẹ́ náà wo fèrèsé?”

Hilja wọ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. “Mi ò lè fẹ́ ẹni tó ń gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ àgbà, Dale. Èmi náà máa darúgbó.”

Ọjọ́ méjìlá kọjá, Hilja ò gbé ìpè Dale. Ilé móoru dáadáa, ẹ̀rọ ò ṣẹ́jú, àmọ́ bàbá ò bá ọmọ sọ̀rọ̀, oorun ò sì kun ọmọ. Ní ọjọ́ kẹtàlá, Dale ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó gbé ṣọ́bìrì náà lé bàbá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

“Ẹ má bínú, Bàámi. Ẹ kọ́ mi.”

Urho di ọwọ́ ṣọ́bìrì náà mú. “Ó ti tó ogójì ọdún tí mo ti ń retí pé kó o béèrè,” ó ní, ó sì dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Hilja gbé ìpè. “Ṣé ẹ̀rọ ò jó ni?”

“Ó ń jó. Wá ná. Ojú lọ̀rọ̀ wà.”

Ó bá wọn lẹ́yìn ilé, bàbá ń bá ọmọ wí. “Ẹ̀yìn ṣọ́bìrì, kì í ṣe ojú ẹ̀!” Ògiri yìnyín ti ga, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ọ̀dọ̀ páìpù, ó yà fún un. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ níbẹ̀ tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, títí kan ilẹ̀, wọ́n sì ri igi méjì mọ́ ọn pẹ̀lú aṣọ pupa lórí.

Dale ń mí gúlegúle. “Hilja, tó o bá darúgbó, tó o bá sin gbogbo páìpù ilé yìí, mi ò ní gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹ. Màá máa tẹ̀ lé ẹ, màá máa hú u. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi.”

“Ṣé báyìí ni wọ́n ń tọrọ ìyàwó nílé yín?”

“Èyí tí mo bá ìyá ẹ̀ sọ ò dùn tó yẹn,” Urho sọ.

Hilja fi ìbọ̀wọ́ nu ojú, ó na ọwọ́. Dale sáré ki ọwọ́ bọ àpò, ó ń wá òrùka.

“Ìyẹn lè dúró,” Hilja sọ. “Gbé ṣọ́bìrì fún mi. Bàbá, ibo ló kàn?”

Urho fi àgbọ̀n júwe ẹ̀gbẹ́ ilé tó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, wọ́n sì jọ kọrí síbẹ̀.