Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Funfun

“Mama, bra bɛhwɛ!”

Ọkùnrin tó ń ta ọkọ̀ ní Dansoman ló ń fi Twi pe ìyá Muslimat pé kó wá wò ó. Ó tẹ kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀, ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré funfun náà sì rọra ṣí fúnra rẹ̀. Inú Muslimat dùn dé ẹ̀yìn. Ó ti ń rí ara rẹ̀ níwájú géètì ilé ẹ̀kọ́, tí gbogbo kíláàsì ń wò ó bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí.

Ènìyàn méje ni wọ́n nílé: Àfáà Súràjùdéènì tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, Àsíátù ìyàwó rẹ̀ tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Odawna, ọmọ mẹ́rin, àti Ìyá Àgbà. Orúnkún Ìyá Àgbà kò jẹ́ kó lè gun trotro, bọ́ọ̀sì akérò, mọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀. Búlúù kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun ló wu Àfáà. Ó ti gbó díẹ̀, ọwọ́ sì ni wọ́n fi ń fa ilẹ̀kùn rẹ̀. Muslimat wò ó tìkà-tẹ̀gbin.

Mẹkáníìkì kan yọjú, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní èdè Gã. “Ṣé ẹ ti sọ ti ilẹ̀kùn yẹn fún wọn? Bí oòrùn bá ti mú, kì í ṣí mọ́.”

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. “Alata ni wọ́n. Wọn ò gbọ́ Gã.”

Yorùbá ni wọ́n ń pè ní Alata níbẹ̀. Ọkùnrin náà kò parọ́ nípa àwọn òbí. Twi ọjà ni Àsíátù gbọ́, Hausa ni ti Àfáà. Ṣùgbọ́n àárín àwọn ọmọ onílé wọn, tí wọ́n jẹ́ Gã, ni Muslimat dàgbà sí. Òun ni wọ́n ń mú lọ síbi gbogbo kó lè bá wọn túmọ̀ ọ̀rọ̀.

“Muslimat, kí ni wọ́n ń sọ?” Àfáà bi í.

Muslimat wo búlúù, ó wo funfun.

“Wọ́n ní ọkọ̀ tó dára ni funfun yìí, Bàbá.”

Àfáà kò béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ra funfun.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ pariwo lóòótọ́, àmọ́ ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Nígbàkigbà tí oòrùn bá ti ń ràn, Muslimat á máa yọjú wo ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ̀bá ilẹ̀kùn yẹn ló máa ń jókòó sí, oorun kì í sì í kùn ún bíi ti àwọn yòókù. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé lọ́la lòun máa sọ. Lọ́la á dé, kò ní sọ. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n sábà ń gbé ọkọ̀ náà jáde, ìdí nìyẹn tí ilẹ̀kùn kò fi tíì há.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lọ́sàn-án gangan, èéfín yọ níwájú ọkọ̀ ní Lapaz.

“Ẹ bọ́ sílẹ̀! Ẹ bọ́ sílẹ̀ kíá!” Àfáà kígbe.

Muslimat fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, kò mì. Màmúdù àbúrò rẹ̀ ń ké, Ìyá Àgbà ń húkọ́, ó ń pe Ọlọ́run. Àwọn èrò ojú ọ̀nà sáré dé, wọ́n fa àwọn ọmọ gba àárín àga iwájú jáde. Ìyá Àgbà ni wọ́n fà kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ há, ó sì dá. Iná kò sọ rárá, omi ọkọ̀ ló gbóná jù.

Ní ọsibítù, Muslimat kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. “Bàbá, wọ́n sọ ọ́ létí mi lọ́jọ́ yẹn pé ilẹ̀kùn náà kì í ṣí nínú oòrùn. Mo dákẹ́ torí pé ọkọ̀ náà wù mí.”

Àsíátù káwọ́ lérí. Àfáà kò nà án, kò sì bú u. Omi kàn lé ròrò lójú rẹ̀.

“Ìwọ letí mi nílùú yìí, Muslimat. N ò mọ̀ pé etí ẹni lè tan ni jẹ.”

Nọ́ọ̀sì kan wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ìtọ́jú Ìyá Àgbà ní Gã. Muslimat la ẹnu láti túmọ̀ rẹ̀. Àfáà gbé ọwọ́ sókè.

“Màmúdù, ìwọ wá. Kí ni wọ́n ń sọ?”

Màmúdù, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ń kólòlò, ó ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, síbẹ̀ òun ni bàbá wọn tẹ́tí sí. Muslimat bú sẹ́kún. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó bá a. Tirẹ̀ kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin ọmọ, òtítọ́ tí a gbọ́ tí a bò mọ́lẹ̀, irọ́ ni. Ẹsẹ̀ tó dá lè jiná kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ìgbẹ́kẹ̀lé òbí kì í tètè jiná bẹ́ẹ̀.