Ahọ́n Tó Mọ Bíà Orílẹ̀-èdè Márùn-ún

Ọ̀rọ̀ Àkànjí ará Kambolé nílẹ̀ Tógò ń rí mi lára, ṣùgbọ́n n ó sọ ọ́.

Àgbàdo ló ń kó kọjá ẹnubodè lọ tà. Ibi tó bá dé, bíà ló ń wá. Ó ní ti Jámánì korò, ti Nàìjíríà dúdú ó sì wúwo, ti Gánà dùn díẹ̀, ti Benin fúyẹ́. Ti Tógò ńkọ́? "Ìyẹn ni ìyá gbogbo wọn!" Kò sì fojú fo ṣúkútù, ọtí ọkà bàbà tí àwọn obìnrin ń pọn sílé. Ẹ fi aṣọ dì í lójú, á sọ ìlú tí bíà ti wá. Àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́ fún un, òun á sì bì sára ẹ̀wù.

Èyí tó kó mi nírìíra jù ni pé á ti ìka bọ inú ife, á fi sẹ́nu Ìdíátù, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́rin. "Tọ́ ọ wò, ìwọ náà á mọ̀ ọ́n." Tùẹ̀! Bàbá nìyẹn?

Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ ìgò bíà nù. A ń rọ kẹrosíìnì sí òmíràn, a ń rọ oògùn kòkòrò òwú sí òmíràn. Abẹ́ ibùsùn kan náà ni Àkànjí tò wọ́n sí pẹ̀lú bíà rẹ̀.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo tó wà nígbà náà, Sàdíátù ìyàwó rẹ̀ bá àwọn obìnrin lọ jó ní ìlú Tchamba. Àkànjí mu ìgò mẹ́fà, ó sùn lọ fọnfọn. Ìdíátù fa ìgò yọ, ó tọ́ ọ wò bí bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ.

Àlàbí, aládùúgbò wọn tó jẹ́ onígbàgbọ́, gbọ́ igbe. Ó bá ọmọ níbi tó ti ń gbọ̀n, itọ́ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, ìgò mẹ́ta dà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dá ọkọ̀ akóṣu dúró, ó ti bàbá àti ọmọ wọ inú rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn ní Sokodé.

"Kí ló mu?" ni dókítà bi wọ́n. "Ìtọ́jú kẹrosíìnì yàtọ̀ sí ti oògùn òwú. Ẹ tètè sọ!"

Àkànjí gbé imú sẹ́nu ọmọ rẹ̀. "Bíà ni." Ó tún gbóòórùn. "Bíà..." Òórùn ara rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́!

Àlàbí bẹ̀rẹ̀, òun náà gbóòórùn ẹnu ọmọ náà. "Oògùn òwú ni. Mo ń fọ́n ọn lọ́dọọdún." Dókítà sáré wọlé.

Àkànjí wó lulẹ̀. "Àlàbí, ahọ́n mi ti kú."

"Ẹ̀gbọ́n, ọkàn yín ló kú. Ẹ ké pe Jésù. Kò kọ ọ̀mùtí rí."

"Jésù," ó ní, omijé ń bọ́, "mo ti fi ọwọ́ mi bọ́ ọmọ mi ní ikú. Mo rí ara mi lára. Dárí jì mí, wẹ̀ mí mọ́."

Jésù gbọ́. Láti ọjọ́ náà kò fẹnu kan ọtí mọ́. Lọ́jọ́ kẹta, Ìdíátù lajú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Bàbá rẹ̀ bu omi fún un. Ọmọ náà wo ìka bàbá rẹ̀, ó yíjú sí ògiri. Ó tó oṣù mẹ́ta gbáko kó tó gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ tó di ìwé yìí mú, tó ń sọ pé tìrẹ kì í ṣe ìmupara, pé o kàn ń tọ́ ọ wò ni, gbóòórùn ọwọ́ ara rẹ. Má dúró de ilé ìwòsàn. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, ké pe Jésù lónìí, kí àwọn ọmọ rẹ tó kọ omi lọ́wọ́ rẹ.