Ọwọ́ Aláró Tí Kò Rẹ Aṣọ

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí ọ. Bó o bá wà ní ìsọ̀, o kú ọjà. Bó o bá wà nínú ọkọ̀, o kú ìrìn. Jọ̀wọ́, yí ọwọ́ rẹ síwá sẹ́yìn kí o wò ó ná. Ìtàn ọwọ́ ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ó korò, n kò sì ní fi oyin sí i. Síbẹ̀ orin ló wà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ ọ́, torí mo mọ ibi tó gúnlẹ̀ sí.

Obìnrin kan wà ní Ìtòkú, Beatrice lorúkọ rẹ̀. Àdìrẹ ló ń tà. Láti kékeré ni òun àti Azeezat, ọmọ ilé oníkéwú kan ní Ìjemò, ti jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá tó bí Azeezat. Wọn á yọ́ abẹ́là lórí iná, wọn á fi búrọ́ọ̀ṣì ya ewé àti ẹyẹ sára aṣọ funfun, wọn á wá ri aṣọ náà bọ aró. Ibi tí abẹ́là bá bò, aró kì í wọ ibẹ̀. Ọwọ́ Azeezat rọ̀, kì í kánjú. Ọwọ́ Beatrice yá, ó sì máa ń fẹ́ kó ti parí.

Nígbà tí ọkọ Beatrice kú, Azeezat gbé ìró kan fún un, èyí tó fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ ló kún ara rẹ̀. Láàárín àwọn ewé náà, ọ̀kan wà tí ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́.

Azeezat ní, “Ewé yẹn ni mò ń yà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n wá túfọ̀ ìyá mi fún mi. Ọwọ́ mi gbọ̀n. Mi ò tún un ṣe. Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.”

Òǹkàwé mi, má gbàgbé ewé yẹn.

Kò burú kí èèyàn fẹ́ kí ayé òun sàn. Ilé Beatrice ń jò, ọmọ méjì ń lọ síléèwé, ẹ̀yìn ń dùn ún, èéfín abẹ́là ń ta á lójú. Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó fẹ́ bọ́ nínú ìṣẹ́. Ọ̀nà tí Beatrice gbà ló wọ́.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Síkírù, tó máa ń lọ kó ọjà lókè òkun, ló wá bá a. Ó ní òun mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń tẹ aṣọ jáde bí ẹni ń tú òwú, pé kí ó sáà mú ẹyọ kan tó dára wá kí wọ́n fi ṣe àwòkọ. Beatrice wá inú àpótí rẹ̀ títí. Kò sí èyí tó dára tó ìró ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òun náà ló gbé lé Síkírù lọ́wọ́.

Oṣù díẹ̀ ni aṣọ dé, ìdì lórí ìdì. Ewé ẹ̀gẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Beatrice tò wọ́n sí ìsọ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú. Oníbàárà tó bá gbọ́n, ọwọ́ ọlọ́jà ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo aṣọ. Bí aró kò bá sí nínú èékánná rẹ, yóò kọjá lọ. Nítorí náà, ní àràárọ̀, kí Beatrice tó jáde nílé, yóò da aró ṣíbí kan àti sódà díẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń se ọṣẹ, sínú omi inú ọpọ́n rọ́bà, yóò ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, yóò sì dúró títí yóò fi wọlé. Kò ní rẹ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ nìkan ló ń rẹ.

Ní ọjọ́ Ìsinmi yóò gbé ọwọ́ dúdú náà sókè nínú ilé Ọlọ́run. Àwọn ará á wò ó, wọn á ní, ẹ wo ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ó máa ń dùn mọ́ ọn létí.

*Aró ọwọ́ kò dé ọkàn o,*
*Èèyàn ló ń wo ọwọ́;*
*Olúwa mi ò bèèrè àwọ̀,*
*Inú ló ń wò, inú ló ń wò.*

Ayé Beatrice dára lóòótọ́. Ó kọ́ ilé tuntun, ó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ó fi iná oòrùn sórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ Azeezat wà ní ọ̀nà kan náà. Aṣọ kan ń gbà á lọ́jọ́ mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ń tẹ tirẹ̀ jáde kí ojú tó ṣẹ́. Àwọn oníbàárà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Nígbà tó yá, kò rí ohun tí yóò fi ra aró mọ́, ìkòkò rẹ̀ gbẹ. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, sódà tó ti ń lò láti ọdún pípẹ́ ti ń jẹ ẹ́ lára. Nọ́ọ̀sì sọ fún un pé bó bá fẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kó máa wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ó gbọ́ràn. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ ọjà kan, obìnrin kan tó ń jẹ́ Tolúlàṣẹ wọ Ìtòkú pẹ̀lú ẹkún. Ìbàfò ló ń gbé, Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, ó sì ń ta àdìrẹ fún àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kí owó oṣù rẹ̀ lè gbé e délé. Lọ́dọ̀ Beatrice àti lọ́dọ̀ Azeezat ló ti ra aṣọ lọ́jọ́ kan náà, ó dà wọ́n pọ̀, kò sì rántí èyí tó jẹ́ ti ta ni. Ó tẹ́ aṣọ mẹ́ta sílẹ̀ níwájú alága ẹgbẹ́ aládìrẹ. Ewé kan tí ọ̀pá rẹ̀ ṣẹ́ wà lára wọn, ní ojú ibì kan náà, ní yáàdì kọ̀ọ̀kan.

Tolúlàṣẹ ní, “Ọwọ́ èèyàn kì í ṣe àṣìṣe kan náà lọ́nà ọgọ́rùn-ún. Aṣọ ẹ̀rọ lẹ tà fún mi. Olè ni wọ́n ń pè mí ní ọ́fíìsì.”

Alága bèèrè ẹni tó ni ewé náà. Gbogbo ọjà ló mọ̀ ọ́n, wọ́n ní Azeezat ló kọ́kọ́ yà á, pé Beatrice náà sì ń tà á. Alága wá ní kí àwọn méjèèjì na ọwọ́.

Ọwọ́ Beatrice dúdú bí òjò tó ṣú. Ọwọ́ Azeezat mọ́ bí ọwọ́ akọ̀wé báńkì.

Azeezat ṣàlàyé ìbọ̀wọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, aláró tó ń wọ ìbọ̀wọ́, apẹja tó ń sá fún omi. Wọ́n lọ wo ìkòkò rẹ̀, aláǹtakùn ti takùn sí i.

Azeezat yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Beatrice, ìwọ ni mo fún ní ìró yẹn. Ìwọ lo mọ̀ mí. Sọ̀rọ̀.”

Beatrice wo ilẹ̀. Ó ní, “Mi ò mọ ohun tó ń ṣe nílé rẹ̀.”

Ẹ ò rí nǹkan. Ọmọ ìjọ ló purọ́, ọmọ oníkéwú ló sọ òótọ́, òótọ́ ni wọ́n sì tì síta.

Wọ́n ti ìsọ̀ Azeezat pa. Ebi kò jẹ́ kó jókòó. Ó lọ sẹ́yìn ìlú, ibi tí àwọn obìnrin ti ń fi òòlù fọ́ òkúta sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ọwọ́ tó ń ya ewé wá di ọwọ́ tó ń lu àpáta nínú oòrùn.

Beatrice ńkọ́? Alága sọ ọ́ di àpẹẹrẹ. Bí àlejò bá dé, yóò mú un lọ, yóò ní, ẹ wá wo ọwọ́ aláró gidi. Beatrice kò lè fo ọjọ́ kan mọ́. Ó ń fi kún sódà kí aró lè tètè mú. Ìka rẹ̀ ń là, ó ń ṣomi. Ní àárọ̀ kan tí wọ́n ní àwọn ènìyàn pàtàkì ń bọ̀, sódà náà pọ̀ jù. Ó ń ta á, ó ń jó o, ó sì fi ọwọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, torí àwọn àlejò. Nígbà tó yọ ọ́, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo tòmátì tí a da omi gbígbóná lé.

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi báńdéèjì wé ọwọ́ méjèèjì. Dókítà ní àwọn ìka náà lè má nà mọ́. Obìnrin tó ní kànga ẹ̀rọ kò lè bu omi mu. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi ṣíbí bọ́ ọ.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìròyìn dé pé èérún òkúta ta wọ ojú Azeezat. Ojú òsì ti fọ́.

Àgbàlagbà kan wà tó ń jẹ́ Christianah, òun ló ń ta abẹ́là àti aró fún gbogbo wọn. Ó wá kí Beatrice lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Beatrice gbé ọwọ́ sókè, ó ní, “Màmá, ẹ gbàdúrà fún ọwọ́ mi.”

Christianah fà sẹ́yìn lórí àga. “Ọdún mẹ́ta rèé tí o kò ra abẹ́là lọ́wọ́ mi, Beatrice. Aró ṣíbí kan, sódà díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀. Ta ló ń fi ṣíbí kan rẹ ìdì aṣọ?”

Beatrice wá ní, “Ẹ mọ̀, ẹ ò sì sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn.”

“Mo mọ̀. Ẹ̀rù ọjà bà mí. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi nìyẹn. Mo ti kúnlẹ̀ fún Olúwa, mo sì ti lọ kúnlẹ̀ fún Azeezat níbi òkúta. Mo sọ ọ́ fún alága, ó ní ìlara àgbà ni, pé gbogbo ayé ló ti rí ọwọ́ rẹ. Azeezat ní òun gbọ́ tèmi, ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ́ ni òun ń retí.”

Beatrice bú sẹ́kún. Ó ní ọwọ́ yìí ni òun ń gbé sókè sí Ọlọ́run, ṣé Jésù lè fẹ́ fọwọ́ kàn án?

Christianah ní, “Jésù náà ní àpá lọ́wọ́. Ìṣó la fi dá a sí i lára, nítorí irú wa. Kò bẹ̀rù ọwọ́ tó bó. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń fọ ibi tí ọṣẹ kò dé. Àmọ́ ohun tó o bá fi pa mọ́ sẹ́yìn rẹ, báwo ni yóò ṣe fọ̀ ọ́?”

“Bí mo bá sọ ọ́, oúnjẹ tán nílé mi.”

“Ó lè tán,” ni Christianah wí. Kò parọ́ fún un.

Beatrice sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè pa ọwọ́ pọ̀. Ó nà wọ́n síwájú bí wọ́n ti wà, ó ní, “Jésù, èmi ni mo jalè. Èmi ni mo tà á. Gbà mí.” Àdúrà náà kò gùn jù bẹ́ẹ̀. Ó tó.

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ó rìn wọ Ìtòkú. Ó ní kí Christianah tú báńdéèjì náà níwájú alága. Àwọn èèyàn yí wọn ká. Ó ní, “Ọwọ́ yìí kò rẹ aṣọ kan láti ọdún mẹ́ta. Èmi ni mo kó aṣọ ẹ̀rọ. Èmi ni mo jí ewé Azeezat. Òótọ́ ló sọ fún yín, èmi ni mo purọ́.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tutọ́ sílẹ̀. Ẹnì kan pè é ní Ìyá Ẹ̀rọ, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára títí dòní. Wọ́n ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, wọ́n ṣí ti Azeezat. Síkírù ní òun kò mọ̀ ọ́n rí. Beatrice ta ilé tuntun náà, ó fi tẹ́ Tolúlàṣẹ àti àwọn tó tàn jẹ lọ́rùn, ó sì padà sábẹ́ òrùlé tó ń jò.

Azeezat wá bá a níbẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ojú kan wò ó.

“Ewé ìyá mi lo tà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ojú mi kò ní padà, Beatrice.”

“Mo mọ̀.”

Azeezat ní, “Mo dárí jì ọ́ nítorí Ọlọ́run. Má sáà sọ fún mi pé kí n tètè gbàgbé.”

Bó o bá dé àgbàlá Azeezat lónìí, wàá bá àwọn méjèèjì. Azeezat ń fi ojú kan ya ewé, ewé náà ń wọ́ díẹ̀. Beatrice ń fi ìka tó ká kò yọ́ abẹ́là, ó ń ri aṣọ bọ aró. Azeezat ló fún un ní ìbọ̀wọ́ tó ń wọ̀. Bí oníbàárà bá ní kó na ọwọ́, yóò nà án: àpá ni, aró kankan kò sí níbẹ̀. Nígbà tó ń parọ́, ọwọ́ rẹ̀ dúdú. Ní báyìí tó ń rẹ aṣọ lóòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Òjò ṣì ń wọlé tì í. Ó ń sun oorun rẹ̀.

*Mo ti fọwọ́ sílẹ̀ fún Jésù,*
*Ó fọ̀ mí, kò ṣáátá mi;*
*Oúnjẹ díẹ̀, ọkàn mímọ́,*
*Mo yó, mo yó, mo tún ń jó.*

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Aró wo lò ń fi kun ọwọ́ kí ayé lè pè ọ́ lẹ́ni rere? Bóyá òṣùwọ̀n lo tẹ̀ ní ìsọ̀. Bóyá orúkọ ẹlòmíràn lo fi dé ipò ní ọ́fíìsì. Bóyá ẹnì kan wà níbi òkúta lónìí tó ń retí ẹnu rẹ, tìrẹ gan-an. Ìyà rẹ kò ní tán torí pé o pa á mọ́ dáadáa. Ojú Azeezat ìbá ṣì wà bí Beatrice bá ti sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bi í. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́: má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ibi tó o jókòó sí yẹn náà dára. Kò dìgbà tó o bá wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ kan ti wà níbẹ̀ tó nà sí ọ, àpá ìṣó wà ní àárín rẹ̀. Na tìrẹ sí i, bó ti wù kó rí.