Abà Àárín Ìràwọ̀

Okùn tẹlifóònù náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í wá. Hilaire ṣí àpótí tábìlì wò ó, ó tún fọwọ́ kàn án kó lè dá a lójú. Kò sẹ́ni tó tú u rí láti ọjọ́ tó ti dé ilé náà. Tẹlifóònù gan-an ò sí nílé wọn ní àdúgbò Jàmá. Ẹni tó bá fẹ́ bá ará Lomé sọ̀rọ̀, ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń lọ tò sí. Síbẹ̀, lókè ojú tẹlifíṣọ̀n, níbi tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo máa ń wà, SEUL, tó túmọ̀ sí pé ìwọ nìkan lò ń ṣeré, ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. RELIÉ ló wà níbẹ̀ báyìí: o ti so mọ́ àwọn yòókù.

Àwọn yòókù wo?

Lọ́dún 1987 tí à ń wí yìí, èèyàn lè rin ìlú Atakpamé ní Tógò já láì rí ẹ̀rọ ọ̀dínatọ̀, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní kọ̀ǹpútà, nílé ẹnikẹ́ni. Ti Hilaire yìí, Vincent ló fi í sílẹ̀ fún un, òyìnbó Faransé kan tí wọ́n jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kó tó padà sílé. Ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan ni, ara tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ń kì í bọ̀. Eré kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì tó bá a wá. Nínú eré náà, o wà nínú ọkọ̀ tó ń fò láàárín ìràwọ̀, o ń ti ayé kan bọ́ sí òmíràn. Ohun tó gba ọkàn Hilaire ni pé kò sẹ́ni tó ya àwọn ayé náà. Ìṣirò ni ẹ̀rọ fi ń bí wọn bí o bá ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wọn, òkè ni o, kòtò ni o, gbogbo rẹ̀ ní ìlà funfun lórí ojú dúdú.

“Èmi tí mo fún ọ yìí, mi ò mọ ohun tó wà níbẹ̀,” ni Vincent sọ fún un. “Bí o bá so ó mọ́ tẹlifóònù, wàá máa rí ayé tí àwọn ẹlòmíràn ti dé, àti orúkọ tí wọ́n fún un. Bí o ò bá so ó, ìwọ nìkan ni. Kò sílé níbẹ̀, kò sí èèyàn. Òfìfo ni.”

Ó tún ṣàlàyé pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ayé kan ló ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ tí a bá sì ti sọ ọ́, kò ṣeé pa rẹ́ mọ́.

Ibí gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Òyìnbó lè fi orúkọ ajá rẹ̀ sọ ìràwọ̀, kó sùn, kó han-an-run. Ọmọ Ifẹ̀ ti Atakpamé ni Hilaire, kò sì yẹ kó gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ abà lórúkọ nílé wọn. Bí bàbá bá ṣán igbó tuntun, tó kọ́ ahéré síbẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, orúkọ ọmọ náà ni yóò fi pe abà. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bo òrùlé tán, ọmọ náà gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀. Abà tó bá ti lórúkọ ti ní olúwa, abà tó bá sì ti ní olúwa kì í gbà kí wọ́n fi òun sílẹ̀ lófìfo. Yóò máa pe olúwa rẹ̀ ni.

Bàbá Hilaire, Olúgbódi, fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ fún un. Àgbẹ̀ ni bàbá náà, lọ́nà Elavagnon. Fájọbí ni orúkọ tó sọ ọmọ rẹ̀ nílé; Hilaire tí àwọn Fada sọ ọ́, kò fi ẹnu rẹ̀ pè é títí tó fi kú. “Abà Fájọbí ń bọ̀,” ni yóò máa wí, yóò sì máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìwé ni Fájọbí ń kà, kò wá sùn lóko. Òpó tí bàbá rẹ̀ rì mọ́lẹ̀ jẹrà síbẹ̀, bàbá náà sì kú láì bo ilé kankan fún ọmọ rẹ̀.

Bóyá ìdí nìyí tí Hilaire fi kọ OLUGBODI sí ayé àkọ́kọ́ tó dé. Ó ṣe é bí ẹni ń tu bàbá nínú ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ obìnrin wá yege ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ayọ̀ kún inú rẹ̀, ó wá ayé kan tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ilẹ̀ rẹ̀ dùn ún wò, ó kọ ELISABETH sí i. Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Hilaire ò wo ilé kankan.

Ọ̀sán gangan lọ̀rọ̀ SEUL di RELIÉ, àsìkò tí àwọn àgbà máa ń lé ọmọdé wọlé nítorí kì í ṣe èèyàn nìkan ló ń rìn níta. Lucie, ìyàwó rẹ̀, ń ránṣọ lábẹ́ igi máńgòrò. Ọyẹ́ ti gbẹ ètè gbogbo èèyàn. Hilaire tẹ ẹ̀rọ, ó darí ọkọ̀ rẹ̀ sí OLUGBODI.

Ahéré kan wà níbẹ̀.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kan dígí kó lè rí i dáadáa. Ahéré ni lóòótọ́, pẹ̀lú òrùlé rẹ̀, ebè sì tò lọ ní iwájú rẹ̀. Àwọn ebè náà ò dúró ṣánṣán. Gbogbo wọn ló tẹ̀ sápá òsì. Ọlọ́wọ́ òsì ni Olúgbódi, kò sì sí àgbẹ̀ kan ní gbogbo agbègbè yẹn tí ebè rẹ̀ ń tẹ̀ báyẹn. Omi bọ́ lójú Hilaire. Ẹ̀rù bà á, inú rẹ̀ sì dùn, àwọn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ló rántí ayé kejì. Ó darí ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Kò tíì sí ahéré ní ELISABETH. Àwọn òpó nìkan ni, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rì mọ́lẹ̀.

Ó yí ojú padà. Élisabeth sùn sórí ẹní lẹ́bàá ògiri, ọmọ tí kì í sùn lọ́sàn-án láti ìgbà tó ti já lẹ́nu ọmú. Hilaire pè é, kò dáhùn. Ó mì ín títí, ọmọ náà fi ojú kan wò ó bí ẹni tí wọ́n pè láti òdìkejì odò.

“Papa, Bàbá àgbà ń gé igi,” ló wí. Kò mọ bàbá àgbà náà rí. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó bí i. “Ó ní kí n má rìn jìnnà. Ó ní ilé ò ní pẹ́ parí.”

Ló bá tún sùn padà. Òórùn bẹẹrẹ tútù, koríko tí wọ́n fi ń bo ilé lóko, gba inú yàrá kan.

Láti ọjọ́ náà ni oorun ti gba Élisabeth lọ́wọ́ wọn. Bí oòrùn bá ti dé àtàrí, níbikíbi tó bá wà ni yóò ti dùbúlẹ̀, oorun náà sì ń gùn sí i. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dára, ọkàn rẹ̀ ń lù dáadáa. Hilaire fa ẹ̀rọ yọ lára iná, ó dì í sínú àpò, ọmọ ò tìtorí ìyẹn jí. Nígbà tó tún tan án, ògiri ahéré ELISABETH ti dé ọrùn, igi òrùlé sì ti wà lórí. Ó tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀ láti pa orúkọ náà rẹ́. Orúkọ náà kàn ń wò ó ni.

“Baba Élisabeth,” ni Lucie wí, ohùn rẹ̀ ò kọjá ètè. “Ẹ ránṣẹ́ sí Ìyá. Ohun tí ẹ mú wá sílé wa yìí kọjá ìṣirò.”

Ìyá Hilaire, Àpọ̀kẹ́, dé láti abúlé wọn lẹ́yìn Glei, nínú ọkọ̀ akérò tó kún fún iṣu. Òrìṣà ilé bàbá rẹ̀ ló ń sìn láti kékeré. Àwọn Fada ti bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò lè dàgbà tán kí òun wá máa kọ́ orúkọ tuntun. Élisabeth tí gbogbo ayé ń pe ọmọ-ọmọ rẹ̀, kò bá wọn pè é. Ọ̀ṣuntókí tí wọ́n sọ ọmọ náà nílé ló ń pè é. Ó jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, ó wò ó títí.

“Ta ló ni abà yìí?” ló bi í.

“Eré ni, Ìyá. Ẹ̀rọ ló ń…”

“Mi ò bi ọ́ ní ti ẹ̀rọ. Mo mọ ebè ọkọ mi bí mo bá rí i. Fájọbí, ta lo fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ yìí?”

Ó sọ fún un. Ìyá náà ò pariwo. Ó kàn fọwọ́ bo orúnkún rẹ̀ méjèèjì.

“Bàbá rẹ ò mú un lọ fún ibi,” ló wí jẹ́jẹ́. “Ìwọ lo fún un ní ilẹ̀, ìwọ lo sọ ilẹ̀ lórúkọ. Ó rò pé o ní kí òun bá ọ kọ́lé ọmọ rẹ ni. Ọjọ́ tó bá bo òrùlé tán, olúwa abà gbọ́dọ̀ sùn níbẹ̀.”

Lucie bú sẹ́kún. Ìyá yí sí Hilaire.

“Orúkọ wo gan-an lo kọ? Ṣé Ọ̀ṣuntókí lo kọ?”

“Rárá, Ìyá. Élisabeth ni.”

Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tó dé, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ọ̀nà ṣì wà nígbà náà. Orúkọ ilé, ọ̀kan ṣoṣo ni, kò sẹ́ni tó lè bá ọ jẹ́ ẹ. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Ẹni tó bá gba omi sórí ló ni ín. Ìyàwó mi, nu ojú rẹ. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ Fada.”

Ohun tó ní lọ́kàn yé Hilaire. “Ìyá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀.”

“Kí ni n ò ní ṣe? Ó pẹ́ tí ọkọ mi ti ń dá sùn.”

Fada François, òyìnbó arúgbó tó ń gbọ́ èdè wa, rò pé Olúwa ti gbọ́ àdúrà òun ni. Ó fẹ́ sọ ọ́ ní Marie. Ìyá ní rárá, òun ò fẹ́ Marie, Élisabeth lòun fẹ́, bí wọn ò bá ní í mọ́ kí wọ́n sọ fún òun. Ẹnu rẹ̀ ò gba orúkọ náà. Lísábẹ́ẹ̀tì ló ń pè é. Fada rẹ́rìn-ín, ó da omi sí i lórí. Àwọn obìnrin ìjọ pàtẹ́wọ́. Hilaire nìkan ló dorí kodò.

Nígbà tí oòrùn dé àtàrí lọ́jọ́ kejì, Ìyá ní kí Lucie gbé ọmọ tó ń sùn kúrò lórí ẹní lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Òun fúnra rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, ó di gèlè rẹ̀ kó má baà tú.

“Tan ẹ̀rọ rẹ,” ló wí fún Hilaire. “Ẹ má jí mi o.”

Hilaire tan án. Lójú rẹ̀, ìlà funfun ń bo òrùlé náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọwọ́ kan ń to bẹẹrẹ sí i. Kò sí ariwo kankan, àfi ẹ̀rọ tó ń kùn àti èémí ìyá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìlà ìkẹyìn dé orí òrùlé. Ó wá rí i pé ẹ̀rọ nìkan ló ń kùn.

Kò yíjú wẹ̀yìn. Láti abẹ́ igi máńgòrò níta, ó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀: “Mama, ebi ń pa mí.”

Wọ́n sin Ìyá, wọ́n kọ Élisabeth sára àgbélébùú rẹ̀, àwọn ará abúlé kùn pé àwọn Fada ti gba arúgbó àwọn mọ́ àwọn lọ́wọ́. Élisabeth padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò sùn lọ́sàn-án mọ́. Hilaire pinnu pé òun á gbé ẹ̀rọ náà lọ sọ sínú odò Amou, ṣùgbọ́n ó ní kí òun kọ́kọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun rí i pé Ìyá ti dé láyọ̀.

RELIÉ ṣì wà lókè. Èéfín ń rú lórí ahéré ní ELISABETH. Ó kí ìyá rẹ̀, ó fẹ́ pa ẹ̀rọ, nígbà náà ló rí ayé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tí òun ò dé rí, tó sì ti lórúkọ.

FAJOBI.

Kò tẹ orúkọ náà sínú ẹ̀rọ rí. Vincent gan-an ò mọ̀ ọ́n. Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń kọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀, OLUGBODI ló wà. Ilẹ̀ náà ti mọ́ tónítóní, ebè rẹ̀ tẹ̀ sápá òsì, òpó àkọ́kọ́ sì ti wọlẹ̀.

Orúkọ ilé ni. Ọ̀kan ṣoṣo.

Ó fa okùn iná yọ, ó tún fa ti tẹlifíṣọ̀n, ó dúró sáàárín yàrá. Òórùn bẹẹrẹ tútù kan wà níbẹ̀. Kò mọ ìgbà tó jókòó, kò sì mọ ìgbà tó na ẹsẹ̀ sórí ẹní ọmọ rẹ̀. Ohùn Lucie ló gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó jìnnà bíi pé odò kan wà láàárín wọn.

“Baba Élisabeth, kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ kì í sùn lọ́sàn-án.”

Ó fẹ́ dá a lóhùn, àmọ́ ó ń yán.